Mo to mọ́tò Cobra fúnra mi ní Ìgbógbó, Ìkòròdú: ohun tó dára nínú kit náà àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Iṣẹ́ mi ni àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà Ìpakòdó. Bí ara ọkọ̀ bá là, èmi náà ni mo máa ń fi fáíbà dí i. Mo ń sọ èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ irú ojú tí mo fi wo ọjà yìí: ọwọ́ mi mọ fáíbà, etí mi mọ ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n n kò to odindi mọ́tò rí kí n tó ra kit náà, ìyẹn ẹrù mọ́tò tí ẹni tó rà á máa tò pọ̀ fúnra rẹ̀.

Kit mọ́tò Cobra ni mo rà, lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. N kò ní dárúkọ wọn, torí mo ní àléébù láti sọ, wọn kò sì sí níbí láti gba ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣáásì onírin (egungun ìsàlẹ̀ mọ́tò), bọ́dì fáíbà, sípíríǹgì, rédíétọ̀, wáyà àti ẹrù wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń kó ránṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì, gíá, bíréèkì, sítíárìn àti ìdí ẹ̀yìn (ibi tó ń yí táyà ẹ̀yìn), ẹni tó rà á ló máa wá wọn lára mọ́tò mìíràn tó bá tú palẹ̀. BMW E46, oríṣi BMW 3 Series kan, ni wọ́n ṣe tèmi fún, ìdí tí mo sì fi yan ilé-iṣẹ́ yẹn nìyẹn. E46 kún ìlú Èkó; ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n wa.

Fún ẹni tí kò mọ Cobra: ní 1962, Carroll Shelby, ará Amẹ́ríkà kan tó ti ń fi mọ́tò sáré ìdíje, ló mú mọ́tò kékeré AC Ace tí wọ́n ń ṣe ní Thames Ditton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ki ẹ́ńjìnnì Ford V8 (onípísítìn mẹ́jọ) bọ̀ ọ́ nínú. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan péré ni wọ́n ṣe láyé ìgbà náà. Ojúlówó rẹ̀ ti di ohun tí àwọn olówó ńlá ń fi mílíọ̀nù dọ́là rà, àwa yòókù ń to àwòkọ rẹ̀. Àwọn kan ti bi mí pé, "Cobra tí kò ní V8, ṣé Cobra náà nìyẹn?" Ìdáhùn mi ni pé kí Shelby tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì onípísítìn mẹ́fà ló wà nínú Ace. Ọ̀kan nínú wọn ni Bristol, Bristol sì mú ìlànà ẹ́ńjìnnì yẹn láti ara BMW 328 tí wọ́n ṣe kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́. BMW onípísítìn mẹ́fà tí mo fi sí i yìí, ilé ìyá rẹ̀ ni mo dá a padà sí.

Láti ọjọ́ tí ẹrù dé sí ọjọ́ tí mọ́tò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde ní géètì, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń ráyè, òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn sì wà tí kò síná láti àárọ̀ dalẹ́. Owó tí mo ná lápapọ̀ ju iye Corolla tòkunbọ̀ tó dáa lọ, ẹni tó bá rò pé kit yóò dín owó kù fún òun, kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ṣáásì ni n ó kọ́kọ́ sọ, torí òun ló wù mí jù. Kí n tó so ohunkóhun mọ́ ọn, mo gbé e lé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin nínú ọgbà, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun iwájú lọ́tùn-ún dé igun ẹ̀yìn lósì, mo sì wọn igun kejì. Bí méjèèjì kò bá bára mu, irin náà ti wọ́ nìyẹn, mọ́tò bẹ́ẹ̀ kò ní lọ tààrà láé. Ìyàtọ̀ tí mo rí kò tó mìlímítà méjì. Kò dá mi lójú, mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ tò gẹ́rẹ́gẹ́ bí owó ẹyọ tí wọ́n sín sókùn. Mo ti rí irin tí wọ́n jó fún ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé ọgbọ̀n èèyàn tí kò tó báyìí. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi kún un ni ti ìpẹtà: afẹ́fẹ́ ọ̀sà wa ń jẹ irin, inú páìpù ṣáásì náà kò sì lọ́dà. Mo yọ́ àbẹ́là mọ́ epo ẹ́ńjìnnì, mo dà á sínú wọn gbígbóná, èmi àti àbúrò mi sì ń yí ṣáásì síwá sẹ́yìn kó lè kan gbogbo ara inú.

Ẹrù wẹ́wẹ́ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ọmọbìnrin mi ka gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, òun ń ka ìwé, èmi ń na ohun tó bá pè sókè. Ọ̀rá kan kò sí níbẹ̀, ọ̀rá tó ní bọ́ọ̀tù ìdí ẹ̀yìn nínú. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fi òmíràn ránṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ìyẹn dára. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi dé. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, tí ẹ bá gba Ọwọ́dé Onírin lọ wá bọ́ọ̀tù, ẹ wo orí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Bọ́ọ̀tù tó máa gbé táyà àti sípíríǹgì gbọ́dọ̀ ní nọ́mbà agbára 8.8 tàbí 10.9 lórí. Èyí tí kò ní nọ́mbà kankan, ẹ fi so ilẹ̀kùn géètì. Ó ń dán bí ti ojúlówó, ṣùgbọ́n ó lè já nígbà tí ẹ bá wà lórí eré.

E46 tí mo tú, ẹ̀yìn ni wọ́n ti kọlù ú, iwájú rẹ̀ kò ní àpá. Ẹni tó tà á kọ́kọ́ fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì nìkan fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Mo kọ̀. Odindi mọ́tò ni mo rà, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nínú E46, kọ́kọ́rọ́, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì àti àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní EWS ti bára wọn mulẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì kò ní jẹ́. Mo mọ ẹnì kan ní Àgríìkì tó ra ẹ́ńjìnnì láìní kọ́kọ́rọ́, ó sì wà nílẹ̀ di bí mo ti ń kọ èyí.

Ìwé ìtọ́sọ́nà wọn kò dára tó. Ó mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń bá ẹni tó ti to mẹ́ta rí sọ̀rọ̀. Lórí ṣáfúù gígùn tó so gíá pọ̀ mọ́ ìdí ẹ̀yìn, gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ: ẹ gé e kúrú. Wọn kò sọ pé kí ẹ sàmì sí i kí ẹ tó gé e, kí ojú méjèèjì lè dọ́gba nígbà tí wọ́n bá jó o padà. Onítọ́nà tó bá mi ṣe é ní Òdógúnyàn ló fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ láti orí dé ìdí rẹ̀ kó tó fayùn kàn án. Lẹ́yìn náà ni a gbé e lọ sí Ládípọ̀, wọ́n yí i lórí ẹ̀rọ títí gbígbọ̀n rẹ̀ fi lọ. Bí kì í bá ṣe ti ìlà ṣọ́ọ̀kì yẹn, gbogbo ìjókòó ni ì bá máa gbọ̀n mọ́ mi nídìí lórí eré.

Bọ́dì wá ńkọ́? Níbí ni mo ti lè sọ̀rọ̀ láìfi ọ̀rọ̀ bọ abẹ́ ahọ́n. Fáíbà náà nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ibi gbígbẹ tí rẹ́sìn (omi tó ń mú fáíbà le) kò dé, mo fi ẹ̀yìn sípánà kàn án káàkiri, ó ń dún kan náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àmọ́ wọ́n tètè yọ ọ́ kúrò nínú mọ́ọ̀dù. Mo mọ̀ ọ́n lára òórùn: nígbà tí mo ṣí àpótí, òórùn rẹ́sìn gbá mi nímú bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọkọ̀. Fáíbà tí kò tíì gbó, bí ẹ bá kun ún, tí oòrùn wá pa á, àwọ̀n fáíbà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lójú ọ̀dà. Mo ti rí i lára ọkọ̀ ojú omi lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà mo gbé bọ́dì náà lé orí ṣáásì kó má baà wọ́, mo sì fi í sílẹ̀ fún oòrùn láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹta. Ìyàwó mi ní kí n kúkú máa sá ẹ̀gẹ́ lé e lórí. Ìgbà tí mo wá fi páípà ha á, ó ti le gbagidi. Ọ̀dà búlúù tí mo kun sí i ti rí ẹ̀ẹ̀rùn kan, kò sí àmì kankan. Ilẹ̀kùn òsì nìkan ló dùn mí: àlàfo tó wà lókè rẹ̀ gba ìka méjì, ti ìsàlẹ̀ kò gba èékánná. Fáíbà ni mo fi kọ́ etí rẹ̀ padà fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ fáíbà máa sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tí a fẹ́ sítáàtì rẹ̀ nìgbà àkọ́kọ́, ilé kún. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kọ́! Ohùn kan ṣoṣo, iná dáṣíbọ́ọ̀dù sì ṣú. Mo tún yí i. Kọ́! Bátìrì tuntun ni, mo ti wọ̀n ọ́n. Mo tú sítátà, mo tò ó padà, mo tún un tú. Ọjọ́ kẹta ni mo ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin kan tó ń ṣe rẹwáyà ní Sábó. Kò fọwọ́ kan sítátà rárá. Ó mú wáyà jọ́ńpá, ó fi ẹnu kan há orí négétíìfù bátìrì, ó fi ẹnu kejì há ara ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀.

"Bàbá, ẹ yí i."

Ẹ́ńjìnnì bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ àdúgbò hó yèè, ojú mi sì ṣe omi díẹ̀.

Ó pa á, ó pè mí mọ́ra, ó fi ẹnu ọ̀bẹ ha ibi tí wáyà négétíìfù ti kan ṣáásì. Ọ̀dà dúdú ṣí, irin funfun yọ. Ó ní, "Iná ò lè gba orí ọ̀dà kọjá, bàbá." Nínú mọ́tò gidi, gbogbo bọ́dì jẹ́ irin, iná á rí ọ̀nà gbà padà sí bátìrì. Fáíbà kì í gbé iná, ọ̀dà tí wọ́n yan mọ́ ṣáásì yìí sì nípọn bí awọ. Ọmọ náà fa wáyà négétíìfù nínípọn láti bátìrì dé ẹ́ńjìnnì, ó fa òmíràn láti ẹ́ńjìnnì dé ṣáásì tó ti há mọ́, ó sì ṣe ojúkò kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, fún gbogbo iná. Ìdajì wáyà tó bá kit wá ló yọ dànù, torí ó tín-ín-rín jù fún fáànù àti iná iwájú. Bí ẹ bá ń ra kit yìí, ẹ ya owó rẹwáyà sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Rédíétọ̀ wọn náà, ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lójú títì tó ṣófo, kò sí ìṣòro. Nínú gó-sílóò Ògólońtò lọ́sàn-án gangan, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìgbóná ẹ́ńjìnnì gun òkè títí mo fi pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Rédíétọ̀ alumíníọ̀mù tó nípọn jù ú lọ àti fáànù méjì ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Mo sì yọ ìgò omi oníke tó wà lára E46 náà, torí ó máa ń là bó bá ti gbó, mo fi tuntun sí i.

Páìpù èéfín ẹ̀gbẹ́ nìkan ni kí ẹ bẹ̀rù. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá, ó sì ń gbóná bí agbada àkàrà. Àwọn tó ní Cobra lókè òkun máa ń pè é ní ìbùjẹ ejò. Ó ti bù mí jẹ lójúgun ọ̀tún, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti fi aṣọ tí iná kì í jó wé e, mo sì ti kọ́ gbogbo ará ilé bí wọ́n ṣe máa gbé ẹsẹ̀ jáde.

Lórí ọ̀nà, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ síwájú kí ọkọ̀ tó pọ̀. Mọ́tò náà fúyẹ́. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó ti lọ. Sítíárìn rẹ̀ ń sọ gbogbo òkúta ojú ọ̀nà fún ọwọ́ yín. Kò fà sọ́tùn-ún, kò fà sósì: iṣẹ́ ṣáásì nìyẹn. Àmọ́ ó sún mọ́lẹ̀ jù fún ilẹ̀ wa. Búm̀pù àkọ́kọ́ ni páìpù ti ha. Mo yí òrùka sípíríǹgì sókè ní gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ó fi kúrò nílẹ̀ ní ìnṣì méjì sí i. Ó ń mi díẹ̀ ní kọ́nà báyìí, mo sì gba bẹ́ẹ̀. Òrùlé aṣọ tó bá a wá kò lè gba òjò Ìkòròdú. Bí àwọsánmà bá ṣú, mo máa ń ṣẹ́rí padà sílé.

Ẹni tó ní ibi tó bò, tó ní sùúrù, tó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan dáadáa, kó rà á. Ẹni tó fẹ́ mọ́tò tó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, kó má ṣe é. Bí èmi bá máa tún òmíràn rà, n ó sọ fún wọn pé ṣáásì, bọ́dì àti sípíríǹgì nìkan ni kí wọ́n kó fún mi. Kí wọ́n yọ owó wáyà, rédíétọ̀ àti òrùlé kúrò. N ó ra wọ́n níbí. Ọmọ Sábó yẹn ni n ó sì kọ́kọ́ pè, kí n tó ṣí àpótí.