Vegas àti Washington nínú àṣekágbá Ife Stanley ọdún 2018

Nígbà tí àṣekágbá Ife Stanley, ife tó ga jù nínú họ́kì orí yìnyín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ẹgbẹ́ méjì tí ó kù kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fọkàn sí. Ọdún àkọ́kọ́ Vegas Golden Knights nínú líìgì nìyẹn, àwọn eléré tí àwọn ẹgbẹ́ yòókù yọ̀ǹda ni wọ́n sì ṣà jọ. Washington Capitals ti wà láti ọdún 1974 láìgba ife náà rí.

Vegas gbára lé aṣọ́lé wọn, Marc-Andre Fleury, àti eré sísá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n pàdánù kí wọ́n tó dé ibẹ̀.

Ọ̀nà Washington le jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo sì gbà pé ó fi wọ́n ṣe ẹgbẹ́ tó pegedé jù. Ẹgbẹ́ Columbus kọ́kọ́ nà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì nínú ilé wọn, kí wọ́n tó borí nígbà mẹ́rin léraléra. Nígbà tí ẹgbẹ́ Tampa Bay sì ń ṣíwájú wọn pẹ̀lú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta sí méjì, Braden Holtby, aṣọ́lé Washington, kò jẹ́ kí gólì kankan wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn. Bí wọ́n bá sì lé eléré alátakò kan jáde fúngbà díẹ̀, Alex Ovechkin, agbágólì Washington, a dúró sí apá òsì, ọ̀pá rẹ̀ á ti wà lókè, a sì gbá páàkì, ohun pẹrẹsẹ tí wọ́n ń gbá, lẹ́ẹ̀kan náà láìdá a dúró. Gbogbo ènìyàn mọ ohun tó ń bọ̀, síbẹ̀ ó ṣòro láti dènà.

Washington ló gba ife náà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin sí ọ̀kan.