Ìkìlọ̀: Ẹ ṣọ́ra fún ọwọ́ bíréèkì kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ní àwọn ti "tún inú rẹ̀ ṣe"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ ní Èkó (kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ni mo wí o, mi ò sọ Màrúwá), pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ra MTB (kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún orí òkè) tokunbọ̀ tó ń lo bíréèkì olóìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹnì kan wà ní Mainland tó ń gba owó lọ́wọ́ wa pé òun ń pààrọ̀ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí epo jò àti písítìn tó ń ti epo nínú ọwọ́ bíréèkì. Kò pààrọ̀ nǹkan kan. Ó ń kùn ún ní ọ̀dà ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní júwe ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, torí ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kí ẹ dá mọ̀. Bó bá kó lọ sí Ìyànà Ìpájà lọ́la, ọgbọ́n yẹn náà ni yóò gbé dání.

Bíréèkì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Shimano ni. Bí mo bá fún ọwọ́ rẹ̀, á máa wọlé jẹ́jẹ́ títí á fi kan irin tí mo dì mú, epo sì ń rin díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n júwe ọkùnrin yìí fún mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó so àwọn kẹ̀kẹ́ rọ̀ bí ẹran ní ìsọ̀ alápatà, ó sì ti pè mí ní "ẹ̀gbọ́n mi" lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jókòó. Ó yẹ ọwọ́ bíréèkì náà wò, ó pòṣé. Ó ní rọ́bà inú rẹ̀ ti kú, òun ní kíìtì rẹ̀ (rọ́bà àti písítìn tuntun) nílẹ̀, "ojúlówó Shimano láti Jámánì." ₦18,000. Kí n padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti dìde. Ilé iṣẹ́ Japan ni Shimano, ìlú Sakai ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1921; Magura ló jẹ́ ti Jámánì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ló ṣì í. Èyí tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé Shimano kì í ta písítìn àti rọ́bà inú ọwọ́ bíréèkì wọn lọ́tọ̀. Bó bá bàjẹ́, odindi ọwọ́ náà ni ẹ máa rà. SRAM ti Amẹ́ríkà ń ta kíìtì tiwọn, Hope ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń ta tiwọn. Ẹni tó bá wá ní òun ní kíìtì ojúlówó fún ọwọ́ bíréèkì Shimano, ẹ ní kó gbé páálí rẹ̀ jáde kí gbogbo yín jọ kà á.

Nígbà tí mo padà dé, ọwọ́ bíréèkì mi ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó. Ó dúdú kirikiri, ó sì le dáadáa nígbà tí mo fún un. Mo sanwó, mo tún fún ọmọ iṣẹ́ ní ₦1,000. Ọmọ náà gbà á, àmọ́ kò wò mí lójú.

Ọjọ́ mọ́kànlá péré ni mo fi lò ó. Ní ìdájí Sátidé kan, mo ti Èbúté Mẹ́ta gba orí Carter Bridge. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà, danfo iwájú mi dúró gbà láti gbé ìyá kan tó gbé agbọ̀n lérí. Mo fún bíréèkì ẹ̀yìn, ó wọlé wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ki ìka bọ fùfú. Ti iwájú ló kó mi yọ, òun náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi fò kọjá orí kẹ̀kẹ́. Ọmọlanke alálùbọ́sà kan ni mo lọ kọ lù. Ọlọ́mọlanke náà kò bínú. Ó bá mi gbé kẹ̀kẹ́ dìde kó tó bèèrè owó àlùbọ́sà tí mo tẹ̀ fọ́. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọwọ́ bíréèkì náà ti lẹ̀ mọ́ inú, kò padà síta mọ́. Mo fi ìka nù ún, ọ̀dà dúdú sì ṣí tẹ̀ lé ìka mi bí èèpo ẹ̀pà yíyan. Gbogbo ojú ọgbẹ́ àtijọ́ rẹ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn, títí kan ibi tí mo fi ha ògiri ilé wa lọ́dún tó kọjá. Epo Shimano kì í ṣí ọ̀dà bẹ́ẹ̀. Epo bíréèkì mọ́tò ló ń ṣe é.

Ẹ fara balẹ̀ síbí. Oríṣi epo méjì ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ ń lò. Shimano, Magura àti Tektro, mineral oil (epo tí wọ́n ń rí láti inú epo rọ̀bì) ni. Hope àti SRAM púpọ̀, DOT ni, irú èyí tí ọkọ̀ ń lò (àmọ́ bíréèkì SRAM tó ń jẹ́ DB8 àti Maven, mineral oil ni tiwọn). Rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan kò gbọdọ̀ mu èkejì. Bó bá mu ún, á wú, á rọ̀, písítìn á sì há sínú ihò rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ èyí tó ń lò sára ọwọ́ bíréèkì náà, nítòsí ilé epo rẹ̀. Tèmi náà ní in. Ọ̀dà ni bàbá yẹn fi kùn ún pa.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá kan ní Múṣin tó ti ń tún bíréèkì ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí mi. Ó ní òun ò mọ ti kẹ̀kẹ́, àmọ́ kí n gbé e wá. Ó fi irin tín-ín-rín yọ òrùka tó di písítìn mú, ó sì fa písítìn náà jáde. Rọ́bà orí rẹ̀ ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú, etí rẹ̀ kan ti ya. "Ọmọ mi, èwo ni tuntun níbí?" Ó tan iná fóònù sínú ihò tí písítìn ń gbà. Ojú irin tó yẹ kó dán bíi dígí, ilà lórí ilà ni. Sáńpépà ni wọ́n fi ha á. Irin tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ báà lọ gbé rọ́bà láti òkè ọ̀run wá, epo á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ó wá kán díẹ̀ nínú epo tó jáde sínú ife omi, ó rò ó pọ̀, epo náà pòórá sínú omi. DOT nìyẹn. Mineral oil á léfòó sókè bí òróró. Ẹ lè ṣe ìdánwò yìí nílé láì ná kọ́bọ̀, ẹ má ṣáà fi ife tí ẹ fi ń mumi ṣe é, májèlé ni.

Mo padà lọ bá oníṣọ́ọ̀bù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ooru Èkó ni. Písítìn ń wú nínú oòrùn." Ẹ wo ọlọ́gbọ́n! Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ o: bíréèkì SRAM kan wà tó ń jẹ́ Guide, tí písítìn oníke inú rẹ̀ máa ń wú nínú ooru, tí ọwọ́ rẹ̀ á kọ̀ láti padà. Ó ti gbọ́ ìyẹn níbì kan, ó wá fi í bo tiẹ̀. Shimano mi ò kí ń ṣe Guide. Mo ní kó kó àwọn rọ́bà mi àtijọ́ wá, ó ní òun ti dà á nù. Mo ní kó gbé ike epo tó lò wá, ọmọ iṣẹ́ gbé ike omi kan jáde tí wọ́n ti bó bébà ara rẹ̀, epo inú rẹ̀ pọ́n bí ìtọ̀ àárọ̀. Epo Shimano máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni, bíi sóbò tí wọ́n bu omi là. Ó fún mi ní ₦5,000, ó ní kí n máa lọ sílé Ọlọ́run. Mo gbà á. Ẹ má bú mi.

Ohun tó dùn mí jù ni pé epo tí kò tọ́ kì í dúró sínú ọwọ́ bíréèkì nìkan. Ó ti gba inú họ́ọ̀sì dé kálípà (ẹ̀yà tó di páàdì mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà), ó ti ba rọ́bà ibẹ̀ náà jẹ́, páàdì sì ti mu ún yó. Ọwọ́ kan ló bàjẹ́ nígbà tí mo lọ bá a. Odindi bíréèkì ẹ̀yìn ni mo ń wá báyìí.

Bí ẹ bá ní láti fún ẹnì kan níṣẹ́ yìí, lójú yín ni kó ti tú u, kó sì kó ohun àtijọ́ fún yín. Bó bá ti gbé pẹtiróòlù pé òun fẹ́ fi fọ rọ́bà, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín; ọtí isopropyl ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Bí ọwọ́ bá rọ̀, tó wá ń le bí ẹ ṣe ń fún un léraléra, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kò nílò kíìtì kankan, ẹ kàn ní kó fi síríǹjì fa afẹ́fẹ́ náà jáde. Àmọ́ bí ẹ bá fún un, tí ẹ dì í mú, tó ń rì díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ yín, tí epo sì ń rin bíi tèmi, rọ́bà ni. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi awẹ́ túùbù àtijọ́ so ọwọ́ náà mọ́ irin tí ẹ ń dì mú di ọjọ́ kejì, kí ẹ tẹ́ tíṣù funfun sábẹ́ rẹ̀. Ká ní mo ṣe bẹ́ẹ̀ ni, tíṣù ni ì bá jẹ́rìí fún mi, kì í ṣe alálùbọ́sà.

Ẹni tó bá ní bíréèkì ẹ̀yìn Shimano tokunbọ̀ tí DOT kò tíì kàn rí, kó sọ fún mi, mà á wá wò ó. Mà á mú ife omi tèmi dání.