Ilé-iṣẹ́ Tó Ń Bá Ilé-Ìwé Kọ̀wé Béèrè Gíráǹtì ní Kàbbà: Ohun Tí Owó Wa Rà

Gbólóhùn tó wà lójú pátákó ilé-iṣẹ́ kékeré kan nítòsí ọjà Kàbbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí ni pé wọ́n ń kọ̀wé béèrè gíráǹtì, owó ìrànwọ́ tí a kì í san padà, fún ilé-ìwé, ìjọ àti ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kíkún gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú. Ìgbìmọ̀ SBMC, ìyẹn ìgbìmọ̀ aráàlú tó ń bójú tó ilé-ìwé, ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní ilẹ̀ Bùnú, tí èmi jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, gbé iṣẹ́ fún wọn. Owó tí a ó fi pèsè òfì tí a fi ń hun aṣọ, òwú àti aró ni a ń wá, kí àwọn ìyá àgbà tó ṣì mọ aṣọ híhun lè máa wá kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí pé irú wọn pọ̀ ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwọn Yorùbá Kogí, ohun tí mo sì fẹ́ sọ kàn wọ́n lápapọ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí ilé-ìwé ìjọba fi ń wá owó kiri. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ láti inú àpò owó ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. UBEC, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ló ń pín in, ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kó ìdajì tirẹ̀ kalẹ̀ kí ó tó rí èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ gbà. Iyàrá ìkàwé, àga, ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ ni owó náà sábà máa ń bá lọ, ọwọ́ SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ló sì ń gbà kọjá, kì í ṣe ọwọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Iṣẹ́ ọnà wà nínú ètò ẹ̀kọ́ lóòótọ́, òun ni àwọn olùkọ́ ń pè ní CCA (Cultural and Creative Arts), ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé wa, ẹfun àti pátákó dúdú ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ á ya ìkòkò sójú pátákó, àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé, iṣẹ́ ọnà ti ọ̀sẹ̀ náà parí nìyẹn.

Ibi tí ilé-iṣẹ́ yìí ti tọ́ sí ìyìn ni ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀. Àwọn ni wọ́n là á yé wa pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fúnni lówó kì í bá ilé-ìwé ìjọba ṣe àdéhùn tààrà, nítorí pé ilé-ìwé kò dá dúró lábẹ́ òfin, àti pé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ló lè buwọ́ lùwé dípò rẹ̀. Wọ́n bá ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ṣe ti CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA ti ọdún 2020. Wọ́n gbé ìkéde ìforúkọsílẹ̀ náà sínú ìwé ìròyìn méjì, wọ́n sì sọ fún wa ṣáájú pé a ní láti fi ọjọ́ 28 sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ takò ó, kí ara má bàa máa kán wa. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bá wa gba ìwé ẹ̀rí SCUML, ẹ̀ka tó ń gbógun ti fífọ owó àìtọ́ mọ́, tó wà lábẹ́ EFCC, tí báńkì máa ń béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tó fi ‘Òkun o’, ìkíni ilẹ̀ wa, kí wa bí a ti wọlé, to gbogbo ìwé wa sórí tábìlì, ó sì fi ìka tọ orúkọ alága wa ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí i pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni èyí tó wà lórí NIN fi yàtọ̀ sí èyí tó wà ní báńkì. Kò gba ìwé náà lọ́wọ́ wa títí a fi lọ tún un ṣe. Irú ojú báyìí ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí ó kan ti Amẹ́ríkà, mo ní ẹ̀sùn díẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà sábà máa ń nílò UEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹgbẹ́, èyí tó rọ́pò nọ́ńbà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní DUNS ní oṣù kẹrin ọdún 2022, orí SAM.gov, ìkànnì ìforúkọsílẹ̀ ìjọba wọn, ni a sì ti ń gbà á. Ọ̀fẹ́ ni. Síbẹ̀, ‘owó SAM.gov’ wà nínú ìwé owó tí wọ́n kọ fún wa. Nígbà tí a béèrè, wọ́n ní owó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni àwọn kọ bẹ́ẹ̀, èyí kò sì burú, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó iṣẹ́ ọwọ́ ni, owó iṣẹ́ ọwọ́ ló yẹ kí wọ́n pè é.

Ìwé àbá gan-an, èyí tí a fi ń béèrè owó, ni ọ̀rọ̀ bà jẹ́ sí. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kó fún wa pe àwọn ọmọ wa ní ọmọ etí òkun, bẹ́ẹ̀ òkúta ló yí ilé-ìwé náà ká. Ọ̀dà, búrọ́ọ̀ṣì àti pépà ìyàwòrán ló kún inú ìṣúná rẹ̀. Kò sí òwú kankan níbẹ̀. Ó tún ṣèlérí pé máàkì ìṣirò àwọn ọmọ yóò lọ sókè, ìlérí tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ṣe, tí a kò sì mọ bí a ó ti wọ̀n ọ́n. Ó hàn gbangba pé ìwé ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Ẹni tó ń ka irú ìwé yìí ní Àbújá tàbí lókè òkun ti ka ọ̀pọ̀ rẹ̀ rí, kò sì ní pẹ́ kó tó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

A gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, a sì tún un kọ pẹ̀lú àwọn ìyá náà. Àwọn ló sọ ohun tí a kò lè mọ̀: pé òfì obìnrin, èyí tí a ń gbé dúró, kì í ṣe ohun tí à ń rà ní ìlú ńlá, káfíńtà abúlé lè kàn án, pé òwú ló ń tán, kì í ṣe òfì, nítorí náà òwú ló yẹ kó gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà, àti pé ẹni tó ń fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ wá kọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ gba nǹkan. A kọ ìtàn aṣọ ipò síbẹ̀, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn olóyè, kí ẹni tó ń kà á lè rí ìdí tí ẹ̀kọ́ náà fi yẹ ní Bùnú gan-an. Fọ́ọ̀mù náà béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí owó bá tán. Ìdáhùn wa ni pé a ó máa ta lára aṣọ tí àwọn ọmọ bá hun ní ọjọ́ ìparí ọdún, kí a fi ra òwú mìíràn. Ìdáhùn yẹn kò lè ti ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Kàbbà wá láéláé.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ni ìdá mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́ mú nínú owó tó bá wọlé. A kò gbà. Owó gíráǹtì kì í ṣe owó ọjà; ohun tí a kọ sínú ìṣúná nìkan ni a lè ná an sí, ìlànà ìwà ọmọlúàbí ẹgbẹ́ Grant Professionals Association ti Amẹ́ríkà pàápàá sì ka irú owó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Nígbẹ̀yìn wọ́n gba iye owó kan pàtó tí a jọ ṣàdéhùn rẹ̀, wọn kò sì bínú sí wa lẹ́yìn náà, ìyẹn náà tọ́ kí n sọ.

Ìwé náà ti lọ, a ṣì ń dúró de èsì. Ilé-ìwé tó bá fẹ́ lọ bá wọn fún CAC, SCUML, UEI àti kíkó ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní kábàámọ̀. Kí wọ́n mú NIN gbogbo àwọn tó máa jẹ́ agbátẹrù (trustee) ẹgbẹ́ dání, kí ìṣúná àti àlàyé iṣẹ́ náà ti wà ní kíkọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, kí wọ́n sì béèrè ṣáájú bóyá àtúnkọ wà nínú owó tí wọ́n máa san, nítorí pé àwa fúnra wa ló tún tiwa kọ.