Iṣẹ́ Ìkẹ́rù Láti Àbújá Lọ sí Ìlàjẹ

Nígbà tí ìjì àti ìgbì òkun tún ya wọ Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìlàjẹ tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní ọdún 1947, àwa ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó tó wà ní Kubwa dá owó jọ, a ra páànù, ìṣó, ẹní, gààrí àti omi mímu, a sì gbé ẹrù náà fún ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Utako.

Mo yìn wọ́n gidigidi ní ti dídi ẹrù. Alábàárù tó bá wa dì í kò jẹ́ kí àpò gààrí kankan kan ilẹ̀ ọkọ̀: ó kọ́kọ́ to pákó, ó tẹ́ ọ̀rá lé e, lẹ́yìn náà ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára àpò kọ̀ọ̀kan, tí èmi náà sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Òjò pa ọkọ̀ náà láti Òkènè títí dé Ọ̀wọ̀, síbẹ̀ gààrí gbẹ táútáú nígbà tí wọ́n tú u, ẹyọ kan kò sì dín. Owó wọn kò wọ́n.

Ọ̀rọ̀ bàjẹ́ ní ìparí ìrìn àjò. Akọ̀wé wọn ti fi dá wa lójú pé Ayétòrò gan-an ni ẹrù yóò dé, ṣùgbọ́n Ìgbọ́kọ̀dá ni awakọ̀ já a sí, ó ní iṣẹ́ òun parí níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló kù, a kò sì ṣètò owó rẹ̀. Òru méjì ni ẹrù fi sùn ní èbúté, nígbà tí àwọn tí à ń gbé e lọ fún ń sùn sínú ilé tí kò ní òrùlé, tí omi iyọ̀ sì ti ba kànga wọn jẹ́. Ó dùn mí títí di òní.

Èmi yóò tún gbé ẹrù fún wọn nítorí ọwọ́ alábàárù yẹn, ṣùgbọ́n wọn yóò kọ orúkọ èbúté tí ẹrù ń lọ sínú ríṣíìtì kí n tó sanwó. Ẹ̀yin tó bá ń gbèrò irú rẹ̀, ẹ ya owó ọkọ̀ ojú omi sọ́tọ̀ láti Àbújá, kí ẹ sì ra páànù alumíníọ́mù, nítorí afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun kì í pẹ́ jẹ páànù onírin fẹ́lẹ́.