Àpótí ẹ̀kọ́ iná mànàmáná tí mo rà fún ọmọ mi ní Wuse

Ọjọ́ kẹta tí àpótí yìí wọlé wa ní Kubwa ni ọmọ mi ké "Mọ́mì!", tó sì ju irin sódà, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà mọ́ra, sílẹ̀. Kì í ṣe ẹnu rẹ̀ tó ń jó nǹkan ló fọwọ́ kàn o. Ike tí èèyàn ń dì mú ló gbóná débi pé ìka méjì wú. Ọmọ ọdún 10 ni. "8+" ni wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí.

Mo tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. 60 wáàtì ni irin náà, kò síbi tí èèyàn ti lè dín gbígbóná ẹ̀ kù. Sódà tó bá a wá, ìyẹn wáyà rírọ̀ tí irin náà ń yọ́, 60/40 ni: tánganran 60, òjé 40. Òjé, fún ọmọdé! Àwa tá à ń gbé òkè Ọya mọ ohun tí òjé ṣe ní Zamfara lọ́dún 2010, láwọn abúlé tí wọ́n ti ń wa góòlù. Ọmọdé tó kú lé ní 400. Èéfín kọ́ ló ń gbé òjé wọra nídìí sódà, ọwọ́ ló ń gbé e dé ẹnu, ọmọ tèmi sì máa ń jẹ bisikíìtì nídìí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọkùnrin tó ń tajà ò gbójú kúrò lára fóònù: "Mọ́mì, ọjà tẹ́ ẹ ti lò, a kì í gbà á padà." Mo ki irin náà bọ iná mànàmáná lójú ẹ̀, mo ní kó dì í mú, kí n máa kà títí dé ọgọ́rùn-ún. Kò dé àádọ́rin tó fi jù ú sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ẹ̀ jáde, bàbá kan tó ń sọ Èkìtì. "Ẹ má bínú, ìyá wa." Ó pààrọ̀ ẹ̀ sí irin tí wọ́n ń yí gbígbóná ẹ̀, tó ní ìdúró tiẹ̀, pẹ̀lú sódà tí ò ní òjé. Ó ní ká yí i sí dígírì 350, torí sódà yìí kì í tètè yọ́ bíi ti òjé. Mo san owó tó lé lórí ẹ̀, kò dín kọ́bọ̀ kan. Ó wá ní kí n mú ọmọ náà wá lọ́jọ́ Sátidé.

Ẹ wo bàbá yìí. Ó gbé ọmọ mi jókòó, ó sì ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kó má bàa bá a ṣe é. "Fi irin kan ẹsẹ̀ LED, iná kékeré yìí, àti bàbà (kọ́pà) abẹ́ ẹ̀ pọ̀. Ka méjì. Wàyí o, fi sódà kan ẹsẹ̀ yẹn, má fi kan irin." Sódà yọ́, ó sì ṣàn yí ẹsẹ̀ náà ká bí òrí tí oòrùn pa. Ọmọ mi so bátìrì 9 fóòtì mọ́ ọn, iná ò tàn. Bàbá ò sọ̀rọ̀. Ọmọ mi wò ó títí. "Òdì ni mo fi ẹsẹ̀ gígùn sí, ibi pọ́sítíìfù ló yẹ kó wà!" Ó yọ́ ọ, ó yí i padà, iná pupa tàn, ó sì pariwo débi pé àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù yọjú.

Bá a ṣe ń jáde, páálí "8+" mẹ́fà ṣì wà lórí pẹpẹ. Mo bá bàbá sọ ọ́, ó ní òun á kó wọn kúrò. Ẹ má rà á fún ọmọ yín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ti ṣọ́ọ̀bù àti bàbá yẹn ni o, kì í ṣe ti páálí "8+".