Tìróò òkúta àti pẹ́ńsù ojú: a yẹ méjèèjì wò

Lórí àtẹ àwọn tó ń ta ẹfun, osùn, kán-ún àti álọ́ọ̀mù ni tìróò máa ń wà. Òkúta dúdú tó ń kọ mànà ni. Wọ́n á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ sínú awo, wọ́n á gbé èyí tí wọ́n ti lọ̀ kúnná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìgò kékeré tàbí àpò awọ, tòun ti igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń lé e. Ẹwà rẹ̀ dájú. Síbẹ̀ a kò gbà kí ẹnikẹ́ni tún lé e sójú, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ojú ọmọ ọwọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ohun dúdú tí wọ́n ń tà fún ojú, agbára káká la fi lè rí èyí tó dúdú jù ú lọ. Ó ní dídán kan tó fara pẹ́ ti irin, ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ojú sì ti tó láti mú kí funfun ẹyinjú tàn. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ dáadáa, tí wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ ọ́, á lẹ̀ mọ́ bèbè ojú láti àárọ̀ di alẹ́, ooru ò ní yọ́ ọ. Èyí tí kò kúnná nìkan ló máa ń gún ojú bí iyanrìn. Ẹni tí wọ́n bá lé e sójú tó bá gún régé yẹ ní ẹni à ń pè ní ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé òkúta náà lé àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ fi wé òkúta míì. Èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ ní gbogbo ìhà, bíi kóró ṣúgà kan, á wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 25. Òkúta lásán tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò ní ju gíráàmù 9 lọ. Bí ẹ bá fi òòlù lù ú, igun mẹ́rin-mẹ́rin ni yóò máa fọ́ sí, ojú ibi tó ti fọ́ á sì máa dán bíi dígí. Òkúta tí wọ́n ń pè ní gàlẹ́nà nìyẹn: òjé (lead lédè Gẹ̀ẹ́sì), irin tó jẹ́ májèlé, ló so pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́ nínú rẹ̀. Nínú gíráàmù 100 gàlẹ́nà tí kò ní àbùlà, òjé nìkan tó gíráàmù 86. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́ máa ń pe tìróò ní antimony lédè Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ yẹn sì ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Antimony, tó jẹ́ ohun ọ̀tọ̀, kọ́ ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà, òjé ni.

Lọ́dún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn ọmọdé fi òjé hàn lára ọmọkùnrin olóṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Máíkírógíráàmù 13 (máíkírógíráàmù kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) ni wọ́n rí nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà. Wọ́n wá ibi tí òjé ti wọlé títí, wọ́n sì rí i pé tìróò ni, wọ́n ti ń lé e sójú ọmọ náà láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n gbé ìyẹ̀fun náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò, òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Àjọ CDC, tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tẹ ìròyìn náà jáde ní 2012. Àwọn òbí náà kò ṣe ohun tí òbí mìíràn kì í ṣe: wọ́n fẹ́ kí ojú ọmọ wọn dára, kó sì máa ríran kedere.

Kì í ṣe awọ ojú ni òjé yìí sábà máa ń gbà wọlé. Ọwọ́ ni. Ọmọ á fi ọwọ́ nu ojú, á sì ti àtàǹpàkò bọ ẹnu, bẹ́ẹ̀ náà lójoojúmọ́. Ọ̀nà kejì ni omijé. Ihò tíntín kan wà ní ìkángun ìpéǹpéjú nítòsí imú, ibẹ̀ ni omi ojú ń gbà ṣàn lọ sí imú àti ọ̀fun. Ìdí nìyẹn tí oògùn tí a kán sójú fi máa ń korò lọ́fun. Àgbàlagbà tó bá gbé òjé mì kì í sábà gbà ju bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ sára. Ara ọmọdé lè gba nǹkan bí ìdajì. Ara á ṣì í mú bí ẹni pé kálísíọ́ọ̀mù tó ń mú egungun le ni, á sì kó o pamọ́ sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. A ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Òwe ẹ̀gbà ọwọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti bá a mu tó egungun ọmọ.

Ẹni tó bá sọ pé ìyá àgbà òun lo tìróò títí tó fi kú, tí ojú rẹ̀ kò sì fọ́, kò purọ́. Ojú kọ́ ni òjé ń bàjẹ́. Ọpọlọ ọmọ ló ń bá jà, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ariwo: ọmọ lè máa jẹun, kó máa rẹ́rìn-ín, kó tó di ọjọ́ tí ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un. Bí aboyún bá ní in lára, ó lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Àwọn kan ń yan òkúta náà nínú iná kí wọ́n tó lọ̀ ọ́, wọ́n ní májèlé á jó kúrò. Irọ́ gbáà ni. Iná kò lè jó òjé dànù. Ẹni tó ń yan án gan-an á máa fa èéfín òjé símú.

Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun ìṣaralóge ní Amẹ́ríkà, kò fọwọ́ sí irú nǹkan yìí fún kíkun ojú, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé e ní ibodè. Ẹni tó bá ń di ẹrù fún ìyá ọmọ tuntun ní Houston ní Amẹ́ríkà, kó yọ ọ́ kúrò nínú báàgì.

Ó wá ku pẹ́ńsù ojú, òun la fọwọ́ sí fún àgbàlagbà. Ẹ ra èyí tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ara páálí, tó ní nọ́ńbà NAFDAC. CI ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àwọ̀ mọ̀: CI 77499 ni dúdú tó wá láti ara irin, CI 77266 sì ni èédú. Méjèèjì ló ń mú ojú dúdú láìsí òjé. Èyí tó kàn kọ kajal, surma tàbí kohl (orúkọ irú tìróò nílẹ̀ òkèèrè) sára láìsọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ lórí àtẹ. Ẹ tún wá àwòrán agolo kékeré tó ṣí: 12M túmọ̀ sí oṣù méjìlá lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i.

Àléébù pẹ́ńsù ni pé kì í pẹ́ lójú tó tìróò. Tó bá di ọ̀sán tí oòrùn ń ta, á yọ́ wá sí abẹ́ ojú. Pọ́dà díẹ̀ tí a fi búrọ́ọ̀ṣì rọra tẹ̀ sórí ìlà náà máa ń dá a dúró. Bí ẹnu pẹ́ńsù bá le tó ń họ ojú, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ mú un gbóná díẹ̀, ẹ má ṣe fi iná ìṣáná yọ́ ọ. Ẹ máa gbẹ́ ẹ kí ẹ tó lò ó nígbà kọ̀ọ̀kan, torí ẹnu tó kan ojú lánàá ti kó ìdọ̀tí.

Ibi tí a ń fà á sí ṣe pàtàkì ju oríṣi tí a rà lọ. Ìdí irun ìpéǹpéjú lápá ìta ni ààyè rẹ̀. Kì í ṣe bèbè tútù tó wà nínú. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ síta díẹ̀ níwájú dígí, ẹ óò rí àwọn àmì kéékèèké tó tò tẹ̀ léra lórí bèbè náà, ó lé ní ogún. Ẹnu ihò òróró ni wọ́n. Òróró yẹn ló ń bo omijé kó má gbẹ. Tí pẹ́ńsù bá dí wọn, ojú á máa ta, á máa pọ́n, kókó sì lè yọ sí ìpéǹpéjú.

Lálẹ́, ẹ fi àdín àgbọn díẹ̀ sí òwú, ẹ gbé e lé ojú tí ẹ pa dé, ẹ ka ogún, kí ẹ tó nu ún wá sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní pẹ́ńsù tàbí igi tìróò: bẹ́ẹ̀ ni àpólò ṣe ń kárí ilé. Orúkọ àpólò yẹn wá láti 1969, nígbà tí àrùn náà bẹ́ sílẹ̀ ní Accra lásìkò tí Apollo 11 lọ sí òṣùpá. Èyí tí ẹ lò nígbà tí ojú ń ṣe yín, ẹ jù ú nù.

Ọmọ ọwọ́ kò nílò ìkankan nínú méjèèjì. Omi tí a sè tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti òwú mímọ́, láti ìkángun ẹ̀bá imú lọ síta, ti tó láti nu ìpin. Bí ọmọ bá ti lo tìróò tẹ́lẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró lónìí, kí ẹ sì béèrè fún àyẹ̀wò òjé inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà láti inú iṣan, nítorí ìyẹ̀fun tó kù lórí ìka lè ba àyẹ̀wò tí wọ́n ń gún ìka ṣe jẹ́. Ẹ fọ aṣọ ìbùsùn àti ìrọ̀rí rẹ̀ lọ́tọ̀. Ibi tí ìyẹ̀fun bá dà sí, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ún. Ọwọ̀ á gbé e fò sínú afẹ́fẹ́.