Wọ́n tún mọ́tò mi ṣe dáadáa, síbẹ̀ wọ́n lé mi padà níbi inspection

Ohun tó bí mi nínú ni mo máa kọ́kọ́ sọ, torí ọwọ́ mi ń gbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n lé mi padà níbi inspection, ìyẹn àyẹ̀wò èéfín tí mọ́tò gbọ́dọ̀ yege kí n tó lè tún registration rẹ̀ ṣe. Iná Check Engine ló tàn lórí Camry 2008 mi, kóòdù P0137, ìyẹn oxygen sensor (ohun tó ń wọn oxygen inú èéfín) tó wà lẹ́yìn catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àwọn èèyàn wa kan ní Houston níbí, wọ́n yọ ti àtijọ́, wọ́n fi tuntun sí i, wọ́n de wáyà rẹ̀ kúrò níbi tó ti lè kan páìpù gbígbóná. Iṣẹ́ yẹn mọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn.

Bọ̀bọ́ tó jókòó sí kántà ni wàhálà mi. Ó fi scanner pa kóòdù náà rẹ́, ó ní, "Aunty, iná ti kú, ẹ gbé e lọ sí inspection báyìí báyìí." Mo bi í pé ṣé ó dá a lójú, torí registration mi ti fẹ́ parí. Ó ní, "Ó dá mi lójú, Ma." Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Ẹni tó ń ṣe inspection ki wáyà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó mi orí. Ó tẹ bébà jáde, ó fi bírò yí i po: Catalyst, Not Ready. EVAP (ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí èéfín epo jò jáde láti inú táńkì), Not Ready. Oxygen Sensor, Not Ready. Kò sí kóòdù o, iná ò tàn o, síbẹ̀ mọ́tò ò yege! Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé láti 1996 ni gbogbo mọ́tò tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ń yẹ ara wọn wò fún èéfín, tẹ́nì kan bá wá pa kóòdù rẹ́ tàbí tó yọ orí bátìrì, èsì àyẹ̀wò yẹn náà á pa rẹ́, mọ́tò á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mọ́tò 2001 sókè, àyẹ̀wò ẹyọ kan péré ni wọ́n fàyè gbà kó ṣẹ́kù tí ò tíì parí, ìyẹn Not Ready, ní Texas. Mẹ́ta ló ṣẹ́kù nínú tèmi.

Ẹni tó ń pa kóòdù rẹ́ lójoojúmọ́, ṣé kò mọ ìyẹn ni? Mo padà lọ bá a, ó ní, "Aunty, ẹ ṣáà máa wà á kiri." Kiri ibo? Báwo? Kò dáhùn, fóònù ló ń tẹ̀. Mo ní kó pe ọ̀gá, ó ní ọ̀gá ò sí, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ohùn ọ̀gá lẹ́yìn ilé kedere. Ibẹ̀ ni mo ti fariwo ta.

Bàbá àgbàlagbà kan ló jáde, ó ń nu gíríìsì lọ́wọ́. "Ọmọ mi, má bínú. Epo inú ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kún un ni. Ó ní ká jẹ́ kó wálẹ̀ sí bí ìdajì, torí tí táńkì bá kún dẹ́nu, àyẹ̀wò EVAP ò ní ṣiṣẹ́. Bàbá jókòó tì mí nínú mọ́tò, ó fi scanner tiẹ̀ hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kọ gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn bébà tí wọ́n fi lé mi padà yẹn: kí mọ́tò sùn mọ́jú kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí n tan án, kó gbóná, kí n gba fíríwéè kí n wà á ní máìlì 55 ní wákàtí kan láì yí eré padà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí n wá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí accelerator láì tẹ búrékì, kó máa fúnra ẹ̀ rọlẹ̀, kí n tún tẹ̀ ẹ́, kí n tún gbẹ́sẹ̀. Ó ní bí èèyàn ṣe wà á ló ṣe pàtàkì ju iye máìlì lọ.

Àárọ̀ Sunday ni mo gba fíríwéè Beltway 8, torí ta ló máa ṣerú ìyẹn nínú gósílóò, wọ́n á gbá èèyàn látẹ̀yìn. Oxygen Sensor kọ́kọ́ di Ready, Catalyst tẹ̀ lé e. Bàbá ní mo lè máa lọ pẹ̀lú EVAP nìkan tó ṣẹ́kù, àmọ́ ó wù mí kí gbogbo ẹ̀ pé. Ó ní irú Camry tèmi yìí, lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún tí mo bá ti pa á ló ń fúnra ẹ̀ ṣe EVAP, pé tí n bá gbọ́ nǹkan tó ń kùn nídìí mọ́tò lóru, kí n má bẹ̀rù. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́, mo dúró nínú gáréèjì, ohùn pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan ní tòsí táńkì. Nígbà tí Bàbá fi scanner wò ó lẹ́yìn ìyẹn, Ready ni gbogbo ẹ̀, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Inspection ò pẹ́ rárá, mo yege.

Torí Bàbá, mi ò ní gbé mọ́tò mi lọ síbòmíràn mọ́. Àmọ́ ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ó sì máa wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi kọ́ ọmọ yẹn pé kó máa sọ òótọ́ fún oníbàárà kó tó pa kóòdù rẹ́. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, Bàbá ni kẹ́ ẹ béèrè.